Ọjà tí a kò tọ́ wò, ṣé a lè polówó rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó pọ̀ jù nínú ìwé tí ẹ kọ sí wa lóṣù yìí, ìyẹn iṣẹ́ affiliate: kí ènìyàn máa polówó ọjà ọlọ́jà lórí fóònù, kí ó sì máa gba làádà lórí ohun tí wọ́n bá rà nípasẹ̀ línkì rẹ̀. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn ìwé náà. Mo yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò, mo sì gé díẹ̀ lára àwọn tó gùn jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti kàwé jáde, ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo sì ń gbé báyìí. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń ṣe affiliate lórí WhatsApp àti Facebook. Ọjà mẹ́ta ni mò ń polówó: bùléńdà kan tí àwa fúnra wa ń lò nílé, ẹ̀kọ́ orí fídíò kan nípa bí a ṣe ń ṣe bàtà, àti tíì kan tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé. ₦45,000 ni bùléńdà, ₦1,350 ni wọ́n sì ń fún mi lórí ọ̀kan. ₦15,000 ni tíì, ₦6,000 ni tèmi níbẹ̀. N kò mu tíì náà rí, nítorí n kò ní ikùn tí mo fẹ́ fà wọlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ ìyá mi kan fẹ́ rà á, ó sì bi mí léèrè pé, "Ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́?" Mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mà." Ó rà á. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ yìí sọ pé kò sí ẹni tó lè lo gbogbo ohun tó ń tà, pé dókítà kì í mu gbogbo oògùn tó ń kọ fún aláìsàn. Ṣé dandan ni kí n gba ọjà kan gbọ́ kí n tó polówó rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ, nítorí ó dùn létí, ohun tó bá sì dùn létí báyẹn máa ń pẹ́ lọ́kàn. Òótọ́ ni pé dókítà kì í mu gbogbo oògùn tó ń kọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni dókítà fi ń kọ́ṣẹ́ ní yunifásítì ilẹ̀ wa kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí, àwọn mìíràn sì ti dán oògùn náà wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí àṣírí bá tú pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ń san owó fún un lórí páálí kọ̀ọ̀kan tó bá kọ, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ ń gba ₦6,000 lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni àfiwé ọ̀gá rẹ ti dà nù.

Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde ni màmá mi ti ta gààrí títí tí agbára rẹ̀ kò fi gbé ọjà mọ́. Ẹni tó bá mọ gààrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé kíkan rẹ̀ àti bó ṣe kúnná ni iyì rẹ̀, kíkan náà kì í sì í ṣàdédé wá: iye ọjọ́ tí gbágùúdá rírin bá fi wà nínú àpò ló ń mú un wá. Ẹni tí ojú ń kán yóò gbé e kaná ní ọjọ́ kejì, a kò sì ní mọ̀ bí a bá fi ojú lásán wò ó. Ìdí nìyí tí oníbàárà fi máa ń ju díẹ̀ sẹ́nu kí ó tó ná an. Àwọn obìnrin kan máa ń gbé àpò wá láti abúlé, wọn a sì bẹ màmá mi pé kó bá àwọn tà á, kó yọ owó tirẹ̀ lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan. Màmá mi kì í dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Yóò wọn kóńgò kan lọ sílé, yóò bu omi tútù sí díẹ̀ nínú rẹ̀ lálẹ́, yóò wo ìdọ̀tí tó bá léfòó àti iyanrìn tó bá wà nísàlẹ̀ abọ́, àwa ọmọ ni yóò sì mu ún. Bí kò bá kan tó, kì í ṣe pé kò ní tà á. Yóò tà á, ṣùgbọ́n yóò máa sọ fún oníbàárà pé, "Ti ẹ̀bà lèyí o, kò ṣe é mu." N kò gbọ́ ọ rí kí ó sọ pé òun gba gààrí kan gbọ́. Ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ ni ó máa ń sọ.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí ọ̀rọ̀ tí o lò, pé ṣé dandan ni kí o gba ọjà gbọ́. Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ affiliate fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà: ẹ polówó ohun tí ẹ gbà gbọ́ nìkan. Ìmọ̀ràn tó dára ni, ó sì sàn púpọ̀ ju ti ọ̀gá rẹ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ní 2016, nígbà tí MMM, ètò ìlọ́po owó kan, gba ìgboro kan, púpọ̀ nínú àwọn tó fa ará àti ọ̀rẹ́ wọn wọ inú rẹ̀ kì í ṣe oníjìbìtì. Wọ́n gbà á gbọ́ tọkàntọkàn pé ó ṣeé ṣe kí owó máa bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Owó tiwọn gan-an wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ìgbàgbọ́ wọn kò yí ohunkóhun padà fún ẹni tí wọ́n fà wọlé. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà kan yẹ ní ẹnu rẹ, má wulẹ̀ bi ara rẹ pé, "Ṣé mo gbà á gbọ́?" Bi ara rẹ pé, "Kí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀, báwo ni mo sì ṣe mọ̀ ọ́n?"

Wàá rí i pé bùléńdà yóò yege kíá. Ó wà nílé yín, ẹ ti fi lọ ata àti ẹ̀wà, o mọ ariwo tó ń pa, o mọ bóyá abẹ rẹ̀ ti kú, o mọ bí jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣe ń gbé e. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kí o máa sọ, àwọn tí kò dára nínú wọn pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ bàtà ń bẹ láàárín: o kò sọ bóyá o ti wò ó parí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dí ọ lọ́wọ́ láti wò ó. Mú apá kìíní rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe bàtà ládùúgbò yín, jẹ́ kí ó wò ó pẹ̀lú rẹ fún wákàtí kan. Bí ó bá ń mi orí pé òótọ́ ni, o ti rí ẹ̀rí. Bí ó bá ń rẹ́rìn-ín, o ti rí ẹ̀rí náà.

Tíì ni ìṣòro. Ewé kan tí wọ́n ń pè ní senna ni ó máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ewé náà kò sì ju pé kí ó mú ènìyàn yàgbẹ́ lọ. Ẹni tó bá yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ yóò fúyẹ́ lórí òṣùwọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ara rẹ̀ ló lọ. Ọ̀rá ikùn wà níbi tó wà, bí ó bá sì ti mu omi tán, ìwúwo rẹ̀ ti padà. Bí ènìyàn bá mu ún pẹ́, ó lè mú kí àwọn iyọ̀ tí ọkàn ń lò láti lù déédéé dínkù lára. Èyí léwu jù fún ẹni tó ń lo irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń mú ènìyàn tọ̀ léraléra, nítorí oògùn náà ń fa irú iyọ̀ kan náà jáde. Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ ni o tà á fún. Ṣé o mọ oògùn tó ń lò?

Wàá sọ pé nọ́ńbà NAFDAC wà lára páálí rẹ̀. Ó dára kí ó wà níbẹ̀, nítorí èyí tí kò ní in kò yẹ kí o fọwọ́ kàn án rárá. Ṣùgbọ́n yí páálí náà padà, kí o ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ wínníwínní. Lára ọ̀pọ̀ àgbo àti tíì tí àjọ náà fún ní nọ́ńbà, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì ṣàyẹ̀wò ohun tí olùṣe rẹ̀ sọ pé ó ń ṣe. Èyí ni pé wọ́n mọ̀ pé ọjà náà wà, wọn kò jẹ́rìí pé ó ń fa ikùn wọlé. Ìwọ lo jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ lórí status rẹ.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí o wò nínú ìṣirò rẹ. Páálí tíì kan ṣoṣo fún ọ lówó ju bùléńdà mẹ́rin lọ. Nígbà tí ọjà ₦15,000 bá lè fi ₦6,000 sílẹ̀ fún ẹni tó kàn fi línkì ránṣẹ́, tí olùtajà fúnra rẹ̀ sì tún jẹ èrè, mélòó ni ewé inú rẹ̀ náni? N kò sọ pé làádà ńlá túmọ̀ sí ọjà burúkú. Ẹ̀kọ́ orí fídíò lè san ìdajì owó rẹ̀ fún affiliate láìsí ẹ̀tàn kankan, nítorí kò ná ẹni tó ṣe é ní kọ́bọ̀ láti fi fídíò kan náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Amazon kì í sì í san ju ìdá mẹ́rin ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ lórí ìwé tí a tẹ̀ sórí bébà, nítorí ìwé ní bébà, ó ní yíǹkì, ó sì ní owó ọkọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí làádà bá ti ń tóbi sí i ni ó yẹ kí àyẹ̀wò rẹ máa le sí i, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ojú rẹ kò ti ní fẹ́ rí àléébù.

Ní ti ohun tí o kò lè lò fúnra rẹ, kò sí ẹni tó ní kí o máa mu tíì nítorí kí o lè tà á. Yá ìmọ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n sọ ẹni tó ni ín. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló lò ó fún oṣù mẹ́ta, ohun tó sọ nìyí, èmi kò lò ó": gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò pa ọjà kankan rí. "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mà" ni ó lè pa ọ́, nítorí wọ́n bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, o sì dáhùn bí ẹni tó mọ̀.

Lọ bá ìyá náà nílé. Má ṣe fi WhatsApp sọ ọ́. Sọ fún un pé o kò mu tíì náà rí àti pé owó wà fún ọ níbẹ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi páálí náà han nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn kí ó tó máa mu ún lọ. Ó lè bínú díẹ̀. Yọ línkì tíì kúrò kí o tó kúrò nílé.

ÌBÉÈRÈ: Mo kí yín, Màmá. Ṣágámù ni mo wà, iná sólà àti páwà báǹkì ni mò ń fi línkì polówó. Gbogbo wọn ni mo ti lò, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí wọn. Ẹnìkan ní mo gbọ́dọ̀ máa sọ fún àwọn ènìyàn pé mò ń gba owó níbẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi kan dá mi lóhùn pé, "Áà, o ti ń pa wá jẹ nìyẹn," ó lọ wá ọjà náà fúnra rẹ̀, kò sì gba orí línkì mi. Bí ọjà bá dára tí mo sì gbà á gbọ́, kí ló kàn wọ́n nípa ohun tó wọ àpò mi?

ÌDÁHÙN: Ìwọ tí o wà ní Ṣágámù kọ́ ló yẹ kó bi mí ní èyí. Obì tí ilẹ̀ Rẹ́mọ fi lókìkí, ta ló ń tà á láìsí alárinà? Àgbẹ̀ mọ̀ pé alárinà yóò gba tirẹ̀, Hausa tó wá ra gbàǹja lọ sí Òkè Ọya mọ̀ bákan náà, kódà orúkọ tó jọ ara wọn ni a jọ ń pe owó náà, àwa ní làádà, wọ́n ní la'ada. Kò sí ẹni tó ń bínú sí i. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá alárinà náà ń tú apẹ̀rẹ̀ yẹ̀ wò dé ìsàlẹ̀, kí kòkòrò má baà ti jẹ àwọn tó wà nísàlẹ̀ nígbà tí àwọn tó wà lókè ń dán. Alárinà tó bá sọ pé òun kò gba nǹkan kan ni wọn yóò máa fura sí, nítorí wọn yóò ní ọ̀dọ̀ ta ni ó ti ń jẹun nígbà náà.

Ó kàn wọ́n nítorí pé ohun kan náà kò wúwo bákan náà ní ẹnu ẹni tí wọ́n ń sanwó fún àti ní ẹnu ẹni tí wọn kò sanwó fún. Bí ọ̀rẹ́ mi bá sọ fún mi pé iná sólà kan tan títí di àárọ̀, mo lè lọ rà á lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá mọ̀ pé ó ń gba ₦2,000 níbẹ̀, mo ṣì lè rà á, ṣùgbọ́n mo máa kọ́kọ́ bi í pé nínú oṣù wo ni ó tan títí di àárọ̀, ṣé nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ni àbí nínú òjò. Ẹ̀tọ́ mi ni láti béèrè ìbéèrè kejì yìí. Bí o bá fi owó náà pamọ́, ẹ̀tọ́ náà lo gbà lọ́wọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná náà dára.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kò fi í sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni. Láti 1996 ni Amazon ti ní ètò affiliate tirẹ̀, ó sì jẹ́ òfin fún ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ pé kí ó kọ ọ́ gbangba pé òun ń gba owó lórí ohun tí wọ́n bá rà. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà sọ pé ẹni tó bá ní àjọṣe owó pẹ̀lú olùtajà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níbi tí ojú yóò ti rí i. Nílé níbí, òfin ààbò oníbàárà ti 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, lòdì sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn lórí ọjà, òfin ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó, ti 2022 sì ti fa ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ abẹ́ àkóso tó ń darí ti rédíò àti tẹlifíṣàn. Ọ̀pọ̀ yín rò pé status WhatsApp kì í ṣe ìpolówó. Ìpolówó ni.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ tó yẹra fún línkì, bóyá kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Àmì ìdánimọ̀ rẹ ni línkì náà gbé dání. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ibi tí fóònù rẹ̀ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì yóò tọ́jú àmì náà pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, Amazon fún un ní wákàtí 24, àwọn mìíràn fún un ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí ó bá rà á láàárín ìgbà náà, wọn yóò mọ̀ pé ìwọ lo rán an wá. Nínú èrè olùtajà ni làádà rẹ ti máa ń jáde. Kì í sábà jẹ́ pé wọ́n fi kún owó tí oníbàárà yóò san, ṣùgbọ́n yẹ iye tó wà lórí ìkànnì wọn wò láìlo línkì rẹ kí o tó fi ìyẹn ṣèlérí. Bí iye náà bá jẹ́ ọ̀kan, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Iye kan náà ni ẹ máa san, mo máa ń rí díẹ̀ lọ́wọ́ olùtajà bí ẹ bá gba ibí." Òkè línkì ni kí gbólóhùn náà wà. Má fi sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn àwòrán mẹ́wàá. Ẹni tó bá tún yẹra lẹ́yìn èyí, jẹ́ kó máa lọ, iná sólà tó rà ṣì ń tan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o. Bàbá àgbà ni mí ní Ìpẹ̀rù. Ọmọ ọmọ mi ní kí n fún òun ní ₦70,000 kí òun lè wọ ẹgbẹ́ affiliate kan. Mo béèrè ohun tí wọ́n ń tà, ó ní bí òun bá ti mú ènìyàn mẹ́ta wọlé, owó náà ti padà. Ó ní òun gbà á gbọ́ gidi. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú àgbà. Ìbéèrè tí ẹ bi í ni mo fẹ́ kí ẹ padà bi í, ẹ má sì jẹ́ kí ó yí i po: kí ni wọ́n ń tà, ta ni ará ìta tó ń rà á nítorí pé ó nílò rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé inú owó tí àwọn tuntun san láti wọlé ni owó àwọn tó ti wà níbẹ̀ ti ń jáde, kì í ṣe affiliate, orúkọ affiliate ni wọ́n yá lò, òfin ìdókòwò ilẹ̀ wa ti 2025 sì ti fi ẹ̀wọ̀n sí i. Ọ̀fẹ́ ni láti wọ ètò Amazon tí mo sọ lókè yìí. Òótọ́ ni pé àwọn ètò kan ń gba owó ìforúkọsílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè rà láìjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ má fún un ní owó náà. Bí ẹ bá ní in lọ́wọ́ tí ẹ sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ ra dátà fún un àti ọjà kan tí yóò kọ́kọ́ lò fúnra rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ gbà mí. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí. Nígbà tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ń wá aṣọ tí a máa wọ̀ sí Ojúde Ọba, èmi ni mo fi línkì ìsọ̀ kan orí íntánẹ́ẹ̀tì hàn wọ́n. Àwòrán rẹ̀ rẹwà. Ẹni mẹ́rìnlá rà á ní ₦38,000, ₦3,040 ni mo rí lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, àwọ̀ rẹ̀ ṣí, ó sì kó sára fìlà àti ìborùn funfun. Mo gbà á gbọ́ nígbà tí mo ń polówó rẹ̀, èmi náà rà á. Ìsọ̀ náà kò gbé fóònù mọ́. Ṣé èmi ni kí n san owó gbogbo wọn ni?

ÌDÁHÙN: Ìwé yìí ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ìwọ kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. O ra ọjà náà, o wọ̀ ọ́ pẹ̀lú wọn, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣí sára tìrẹ náà. Síbẹ̀, wo ohun tó sọnù: o rí àwòrán aṣọ, o kò rí aṣọ. Ojú fóònù ni o ti gbà á gbọ́. Ohun tí mo sọ fún ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú-Igbó lókè nìyẹn, àfi pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní irọ́ nínú, tìrẹ kò ní.

₦532,000 ni gbogbo owó aṣọ náà, ₦42,560 ni ó dé ọwọ́ rẹ. N kò gbà pé ìwọ ni kí o san ₦532,000, nítorí kì í ṣe ìwọ lo pa aṣọ náà láró, ẹni tó bá sì ní kí o san án kò rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ₦42,560 náà kò yẹ kí ó sùn sọ́dọ̀ rẹ mọ́. Owó tí wọ́n san fún ọ pé o mú wọn dé ibi ọjà rere ni, ọjà náà kò sì jẹ́ rere. Pín in padà fún wọn ní ₦3,040 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ti ná an, pín in díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kò tó nǹkan lára ₦38,000, òótọ́ sì ni.

Ohun tí yóò tó nǹkan jù ni pé kí o ṣe olórí àwọn tó ń gbéjà kò ìsọ̀ náà. Pe ìpàdé ẹgbẹ́, sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "èmi náà rà á," nítorí yóò jọ pé o ń wá ìyọ́nú. Kó gbogbo rìsíìtì jọ, ya fọ́tò aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, kí o sì fi ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí FCCPC. Ìwé tí ènìyàn púpọ̀ bá jọ kọ máa ń nira láti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kọ̀wé sí ibi tó ń ṣe ètò affiliate náà pẹ̀lú, nítorí àwọn ni wọ́n ní nọ́ńbà tí ìsọ̀ náà yóò gbé, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé inú owó rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ. Línkì náà ńkọ́? Bí ó bá ṣì wà níbikíbi lórí Facebook rẹ lónìí, yíyọ rẹ̀ kúrò ni ohun tó kọ́kọ́ yẹ kí o ṣe kí o tó ka ìyókù ìdáhùn yìí. Má sì kàn pa á rẹ́ lásán, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ipò rẹ̀, kí ẹni tó ti rí i tẹ́lẹ̀ lè mọ̀.

Ní ti ọdún tó ń bọ̀, mo mọ̀ pé wọn yóò tún béèrè aṣọ lọ́wọ́ rẹ, nítorí ẹni tó bá ti jìyà ọjà lẹ́ẹ̀kan ni ẹgbẹ́ máa ń tún gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta ṣáájú Iléyá, ra yáàdì kan. Fi ọṣẹ àti omi gbígbóná díẹ̀ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ funfun àtijọ́ kan, sá a sí oòrùn fún ọjọ́ méjì, kí o wá gbé e lọ sí ìpàdé kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ìwọ ni kí o san owó yáàdì náà, orúkọ ẹlòmíràn ni kí o sì fi rà á, nítorí bí ìsọ̀ bá mọ̀ pé affiliate ló fẹ́ rà á, èyí tó dára jù nílé wọn ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí ọ.